Àdírẹ́sì Ni Wọ́n Ń Yẹ̀ Wò, Kì Í Ṣe Ọkọ̀

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025 ni ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà fòpin sí àyẹ̀wò ọdọọdún fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni. Ṣáájú ìgbà náà, onímọ́tò kò lè sọ ìwé ọkọ̀ rẹ̀ dọ̀tun àfi tí gáréèjì kan bá ti wo bíréèkì rẹ̀, táyà rẹ̀, iná rẹ̀, wáìpà àti hóònù rẹ̀. Láti 2023 ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ti fọwọ́ sí òfin tó ṣe èyí, House Bill 3297. Àmọ́ nígbà tí àyẹ̀wò dìde ńlẹ̀, owó àyẹ̀wò jókòó. Dọ́là 7.50 tí ìjọba ń gbà lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì wà nínú owó ìwé ọkọ̀, orúkọ tuntun ni wọ́n kàn sọ ọ́: owó ìdípò ètò àyẹ̀wò. Ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun ń san dọ́là 16.75 fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Iṣẹ́ parí, owó iṣẹ́ ò parí.

Ẹni tó bá ń gbé Houston, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí gan-an, kò tilẹ̀ tíì lè yọ̀ tán. Káúńtì Harris tí ìlú náà wà jẹ́ ọ̀kan lára káúńtì 17 tí wọ́n ti ń yẹ èéfín ọkọ̀ wò, àyẹ̀wò èéfín kò sì bá ti bíréèkì lọ. Bẹ́ẹ̀, káúńtì 254 ló wà ní Texas. Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé Houston ṣì ní láti gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síwájú ẹ̀rọ lọ́dọọdún. Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Lubbock, ní Texas kan náà àmọ́ tí kò sí lára 17 yẹn, tó ń wa irú ọkọ̀ kan náà, kò nílò kí ẹnikẹ́ni yẹ nǹkan kan wò.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé èèyàn, àfi kó mọ̀ pé àyẹ̀wò méjì ni wọ́n pa pọ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀kan. Èkíní ń wá ohun tó lè mú kí ọkọ̀ pa èèyàn: bíréèkì tó ti jẹ tán, táyà tó ti dán, iná tí kò tàn, bẹ́líìtì tí kò dì mọ́. Èkejì ń wo ohun tó ń gba ẹnu sàlẹ́ńsà jáde. Ọ̀gá wọn yàtọ̀. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni èkíní wà, bó bá wù ú kó ṣe é, bó bá wù ú kó pa á tì. Èkejì ní ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn, ìpínlẹ̀ kì í sì í ṣàdédé fi í sílẹ̀.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látilẹ̀. Ní 1966, Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní Washington ṣe òfin ààbò ojú pópó, ìjọba àpapọ̀ sì tipa rẹ̀ sọ fún àwọn ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n máa yẹ ọkọ̀ wò lóòrèkóòrè. Èyí tó bá kọ̀, wọ́n lè gé nínú owó tí wọ́n ń fún un láti ṣe ọ̀nà. Ta ló fẹ́ pàdánù owó ọ̀nà? Nígbà tó fi máa di 1975, ìpínlẹ̀ 31 pẹ̀lú olú-ìlú fúnra rẹ̀ ti ń ṣe é. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ilé Aṣòfin gba pàṣán náà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ìpínlẹ̀ ti ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Florida jáde ní 1981, South Carolina ní 1995, Oklahoma ní 2001, New Jersey ní 2010, Mississippi ní 2015, Utah ní 2018. Nígbà tí GAO, iléeṣẹ́ tó ń bá Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe ìwádìí, ka àwọn tó kù ní 2015, ìpínlẹ̀ 16 péré ni wọ́n bá.

Ti èéfín ní ìtàn tirẹ̀, California ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Kùrukùru kan wà tó máa ń bo Los Angeles mọ́lẹ̀ láti àwọn ọdún 1940, tó ń ta èèyàn lójú tó sì ń mú ọ̀nà ọ̀fun yún. Onímọ̀ kẹ́míkà kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Caltech, Arie Haagen-Smit, ló fi hàn pé èéfín ọkọ̀ àti ti àwọn ilé ìfọpo ni oòrùn ń sè di nǹkan náà. Lẹ́yìn tí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1970 jáde, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 1977 àti 1990, ó di pé ìjọba àpapọ̀ ń wọn afẹ́fẹ́ agbègbè kọ̀ọ̀kan. Agbègbè tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá burú kọjá òdiwọ̀n gbọ́dọ̀ máa yẹ èéfín ọkọ̀ wò. Ìdí rèé tí òfin èéfín fi sábà máa ń bá káúńtì rìn dípò kó bá ìpínlẹ̀ rìn. Ní Georgia, káúńtì 13 tó yí Atlanta ká nìkan ló kàn. Ẹni tó bá ń gbé Savannah kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Pennsylvania, káúńtì 25 ni. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti sàn, ìpínlẹ̀ lè tọrọ gáfárà, kó palẹ̀ ẹ̀rọ mọ́: ìpínlẹ̀ Washington tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn dá tirẹ̀ dúró nígbà tí 2020 wọlé.

Tí ẹnì kan bá fẹ́ rí gbogbo rúdurùdu yìí lójú kan, kó lọ sí agbègbè olú-ìlú Amẹ́ríkà. Washington D.C. kò yẹ bíréèkì ọkọ̀ aládàáni wò mọ́ láti 2009, èéfín nìkan ló ń wò, ọdún méjì méjì. Ẹ wakọ̀ díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ẹ ti bọ́ sí káúńtì Prince George's ní Maryland, níbi tí ọ̀pọ̀ ará wa fìdí kalẹ̀ sí. Ọjọ́ tí ọkọ̀ àlòkù bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì ni Maryland ń yẹ ara ọkọ̀ wò. Bí ẹ bá rà á tí ẹ sì wà á fún ogún ọdún láìtà á, ìjọba kò ní béèrè bíréèkì rẹ̀ mọ́ láéláé, àfi èéfín rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Ẹ wá sọdá odò Potomac sí Virginia: ọdọọdún ni, kò sí àwáwí, dọ́là 20 ni owó rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso àwọn gáréèjì tó ń ṣe é. Èèyàn lè sùn ní ọ̀kan nínú ìlú mẹ́ta yìí, kó ṣiṣẹ́ ní èkejì, kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ní ẹ̀kẹta, kí gbogbo rẹ̀ má ju ìrìn wákàtí kan lọ.

Ti Virginia yìí le, ó sì yẹ ká tẹjú mọ́ ọn díẹ̀. Mẹkáníìkì tó gba ìwé àṣẹ kì í kàn yí ọkọ̀ po. Yóò tú ẹsẹ̀ méjì ó kéré tán, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, yóò wo bí bíréèkì ṣe kù sí. Yóò ki ìwọ̀n bọ inú ilà táyà. Bí jíjìn ilà náà kò bá tó ìdá méjì nínú méjìlélọ́gbọ̀n íǹṣì, táyà yẹn ti ṣubú. Onímọ́tò tó fẹ́ mọ ibi tó dúró sí kó tó lọ máa ń fi kọ́bọ̀ Amẹ́ríkà dán an wò nílé: ó máa dorí Lincoln tó wà lára owó náà kodò sínú ilà táyà, bó bá sì rí gbogbo orí Lincoln, kó yáa lọ ra táyà. Ọkọ̀ tó bá yege gba sítíkà sí ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Èyí tó kùnà gba sítíkà tirẹ̀ náà, tó ń sọ fún gbogbo ọlọ́pàá pé ọjọ́ 15 ni wọ́n fún un láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ní òpin 2019, gómìnà ìgbà náà, Ralph Northam, ní òun fẹ́ kí wọ́n pa gbogbo ètò yìí rẹ́. Àwọn aṣòfin kò gbà fún un.

Àyẹ̀wò èéfín rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ lóde òní. Kò sí ẹni tó ń ki ọ̀pá bọ ẹnu sàlẹ́ńsà fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mọ́. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ọ̀dọ̀ sìtíárìn. Wọ́n á ki wáyà bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà gáréèjì á bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ náà ti kùnà. Àwọn ọlọ́gbọ́n kan ti gbìyànjú láti tú orí bátìrì sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò kí iná náà lè kú. Iná á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ wò lára ara rẹ̀ á pa rẹ́ pẹ̀lú, ẹ̀rọ á sì kọ̀ ọ́ pé kò tíì ṣe tán. Ó di ìgbà tí wọ́n bá wà á fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó lè padà wá. Ìwà jìbìtì tó lágbára jù wà lọ́wọ́ àwọn gáréèjì kan fúnra wọn: ọkọ̀ mìíràn tí ara rẹ̀ le ni wọ́n á ki wáyà bọ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ ọkọ̀ aláìsàn sí èsì rẹ̀. Wọ́n ti mú àwọn tó ń ṣe é, wọ́n sì ti dá wọn lẹ́jọ́.

Èyí gbé wa dé ibi tí àríyànjiyàn ti ń gbóná: ta ló yẹ kó di ẹ̀rọ mú? Ní New Jersey, ìjọba ní ojúlé àyẹ̀wò tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í sì í tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀. Ní New York, Pennsylvania àti Virginia, gáréèjì aládàáni ló ń ṣe é, gáréèjì tó sọ pé bíréèkì yín ti jẹ náà ló sì máa fẹ́ tà yín ní bíréèkì. Mo mọ̀ pé olóòótọ́ pọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, dọ́là 20 kò tó owó wákàtí kan fún mẹkáníìkì ní Amẹ́ríkà. Owó gidi wà nínú àtúnṣe. Ọ̀nà New Jersey ni èmi fara mọ́ nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì bani nínú jẹ́, torí àwọn tó ní ilé àyẹ̀wò tí kì í ta nǹkan ló jáwọ́ nínú wíwo bíréèkì, tí wọ́n fi èéfín nìkan sílẹ̀.

Ṣé àyẹ̀wò ara ọkọ̀ tilẹ̀ ń gba ẹ̀mí là? Àwọn tó fẹ́ kó kúrò ń tọ́ka sí ìwádìí 2015 tí GAO ṣe: nínú ọgọ́rùn-ún ìjàǹbá, méjì sí méje ni àìpé ara ọkọ̀ lọ́wọ́ sí, kò sì rọrùn láti fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé àyẹ̀wò dín in kù. Àwọn tó fẹ́ kó dúró ń ka ìwé kan náà: ní Pennsylvania lọ́dún 2014, ọkọ̀ tó lé ní 529,000, bí ìdá kan nínú márùn-ún, ló kùnà tí wọ́n sì tún wọn ṣe. Lójú tèmi, nọ́ńbà kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọlọ́pàá tó dé ibi ìjàǹbá ń bójú tó ẹni tó farapa àti ọ̀nà tó dí, kì í tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti wo bíréèkì, nítorí náà ohun tí kò wò kò lè wọ inú àkọsílẹ̀. Ọkọ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tí wọ́n tún ṣe, wọ́n rí i, wọ́n kà á. Mo gbà pé owó àtúnṣe máa ń dun tálákà ju olówó lọ, ẹ̀sùn yẹn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tálákà náà ló ń wa ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti dán.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé, ó ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, UNEP, sọ ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù 14 ló jáde láti Amẹ́ríkà, Japan àti ilẹ̀ Yúróòpù, Áfíríkà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá. Èbúté Cotonou àti Èkó mọ ìpín tiwọn. Bí Texas bá ti ṣíwọ́ yíyẹ bíréèkì wò, ìwé ìjọba kan tí òǹrajà lè béèrè ti dín kù nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ojú kan náà ni gbogbo wọn fi ń wò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ béèrè ìpínlẹ̀ tó ti wá kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, kó tú ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, kó síkáànì rẹ̀, kó sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò bóyá kátálíìsì tó ń fọ èéfín rẹ̀ mọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún tí ẹ ń kó láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn, ẹ wo òfin ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó gba nọ́ńbà tuntun, torí ọlọ́pàá Virginia kò ní gbọ́ pé wọn kì í ṣe é ní Texas.