Willie Mullins: Olùkọ́ ẹṣin Ireland tó gba ipò iwájú lọ́wọ́ àwọn ará Ìlú Ọba

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ eré-ìje ẹṣin tó ń fo ìdènà lónìí, yálà ní Ireland ni tàbí ní Ìlú Ọba, orúkọ kan wà tí àwọn onítẹ́tẹ́ kọ́kọ́ máa ń wá nínú ìwé ìròyìn. Orúkọ náà ni Willie Mullins. Ọkùnrin tí wọ́n bí ní 1956 yìí kì í gun ẹṣin díje mọ́; iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tọ́jú ẹṣin, kó kọ́ ọ ní eré àti fífò, kó sì mọ ọjọ́ tó yẹ kó mú un jáde. Closutton, ní àgbègbè Carlow, ni ibùso rẹ̀ wà.

Inú iṣẹ́ náà ni wọ́n bí i sí. Paddy, bàbá rẹ̀, ló kọ́ Dawn Run, abo ẹṣin tó gba Champion Hurdle ní 1984, tó tún gba Gold Cup ní 1986. Títí di òní, kò sí ẹṣin mìíràn tó gba méjèèjì. Ọdún 1988 ni Willie gba ìwé àṣẹ tirẹ̀, nígbà tó sì di 1995 ló kọ́kọ́ borí ní Cheltenham gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ní oṣù Kẹta 2024, Jasmin De Vaux, tí Patrick ọmọ rẹ̀ gùn, sọ iye ìgbà tó ti borí níbẹ̀ di ọgọ́rùn-ún. Kò sí olùkọ́ tó dé ibẹ̀ rí.

Àmọ́ ẹni tó bá rò pé oyin nìkan ló ń lá kò mọ ìtàn rẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ni ẹṣin rẹ̀ ṣe ipò kejì nínú Gold Cup kí Al Boum Photo tó gbà á fún un ní 2019. Ní 2015, Annie Power ti ń lọ síwájú àwọn yòókù nígbà tó ṣubú níbi ìdènà ìkẹyìn. Àìmọye ènìyàn ló ti fi owó lé e, ìṣubú náà sì kó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn yọ fún àwọn tó ń gba tẹ́tẹ́. Abo ẹṣin náà padà wá ní 2016, ó sì gba Champion Hurdle.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni ìdààmú ńlá dé. Mullins fi kún owó tó ń gbà lórí ìtọ́jú ẹṣin. Michael O'Leary, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Ryanair, kò gbà láti san án, ó sì kó gbogbo ẹṣin rẹ̀ kúrò, 60 lẹ́ẹ̀kan náà. Púpọ̀ nínú wọn bọ́ sọ́wọ́ Gordon Elliott, tí wọ́n jọ ń du ipò kìn-ín-ní ní Ireland. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n gbà pé iná Closutton ti ń kú lọ. Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni: ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn sáà náà, ní Punchestown ní 2017, Mullins kọjá Elliott, kò sì jẹ́ kí ipò náà bọ́.

Láti ìgbà náà ló ti kọjú sí Ìlú Ọba. Owó ẹ̀bùn ni wọ́n fi ń mọ olùkọ́ tó ga jù níbẹ̀, kì í ṣe iye ìgbà tí èèyàn borí. Ìdí nìyí tí Grand National ti Aintree fi ṣe pàtàkì, nítorí 500,000 pọ́n-ùn ni ẹṣin tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní ń gbà. I Am Maximus gbà á fún un ní 2024, Mullins sì di olùkọ́ àkọ́kọ́ láti Ireland tó gba ipò náà ní Ìlú Ọba láti 1954, ìgbà ayé Vincent O'Brien.

Ọdún 2025 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà mẹ́wàá ló borí ní Cheltenham, títí kan Poniros tí wọ́n fún ní 100 sí 1. Síbẹ̀, State Man ṣubú níbi ìdènà ìkẹyìn Champion Hurdle nígbà tó wà níwájú, àfi bíi ti Annie Power. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ẹṣin rẹ̀ ló ṣe ipò kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹta nínú Grand National. Patrick, tí kì í gun ẹṣin gbowó, ló gun Nick Rockett tó borí. Bàbá náà kò lè pa omi ojú mọ́ra níwájú kámẹ́rà.

Dan Skelton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń ṣíwájú fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò juwọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ ìkẹyìn sáà, ní Sandown, ni wọ́n tó mọ ẹni tó borí, Mullins ló sì tún gbà á. Àwọn kan ń ráhùn pé ẹṣin rere ti pọ̀ jù lábẹ́ òrùlé kan, pé àwọn olùkọ́ kéékèèké kò rí nǹkan jẹ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó pàdánù 60 ẹṣin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè kọ èyí tí wọ́n bá tún mú wá.