Pa Ẹ́ńjìnnì, Kí O Gbọ́ Òkè

Láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò kò tíì palẹ̀ mọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin kúrò ní Adó-Èkìtì ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, nítorí ó lé lógún ọdún tí wọ́n fi wa agbégẹdú lójú ọ̀nà òkè yìí, láti Èkìtì dé Iléṣà, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n ń lé ni. Bí mi ò bá máa lọ síbi ìyàwó, màá máa bọ̀ láti ibi òkú, gíláàsì ọkọ̀ á wà ní títì, rédíò á máa ké. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé mo fẹ́ fara balẹ̀ rìn ín lẹ́ẹ̀kan, kí n kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀, ìlérí kan ṣoṣo ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

"Níbi tí mo bá ti ní kí o dúró, pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tó ń dún kò ní jẹ́ kí o gbọ́ òkè."

A kọjá Ìyìn, a kọjá Ìgèdè. Òkè apá ibẹ̀ yẹn, òkè apárí ni. Òkúta dúdú kan á dá yọ láàárín oko, á jókòó bí àgbàlagbà tó ń gbatẹ́gùn níwájú ilé. Ní Arámọkọ, àwọn ìyá oníṣu ti ń to iṣu tuntun sẹ́bàá títì, ìdì kan lórí ìdì kejì. Láti ibẹ̀ ni a ti yà sọ́nà Ẹ̀rìnjìyàn, ibẹ̀ náà sì ni òkè mìíràn ti yọ sí wa lọ́ọ̀ọ́kán. Èyí kò dá jókòó. Ó nà gbalaja láti òpin ojú dé òpin ojú, igbó bò ó láti ẹsẹ̀ dé góńgó, ìkùukùu sì yí i ní àárín bí ọ̀já. Bàbá nàka sí i, wọ́n ní, "Òun nìyẹn. Òun náà la máa yí ká títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Mi ò tètè mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Àfi ìgbà tí a rìn ín dé ìdajì ni mo tó rí i pé òkè kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń wá wò lápá ibí: omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì, àti Àrìntà àti Olúmirin, omi méjì tó ń já bọ́ láti orí òkúta. Orísun wọn ò yàtọ̀. Òkúta tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite ni eegun ẹ̀yìn òkè yìí, òkè Ẹ̀fọ̀n. Ó le, ó funfun, ó ń dán yinrin níbi tó bá ti ṣẹ́, òjò kì í sì í tètè jẹ ẹ́ run bó ṣe ń jẹ òkúta yòókù. Ìdí nìyẹn tó fi ku òun nìkan lókè nígbà tí ilẹ̀ tó yí i ká ti rẹlẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ó ní ìlàpa nínú. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ á gba ojú ìlàpa náà wọlé, á sì wá ibi tó wù ú jáde sí.

Ní Ìkọ̀gòsì, a san owó ìwọlé, a sì fẹsẹ̀ rìn wọ abẹ́ àwọn igi tó ga débi pé a ò rí orí wọn. Bàbá ti bọ́ bàtà kí a tó dé ibi omi. Odò méjì ni, wọn kò fẹ̀. Ọ̀kan ń ṣàn bọ̀ láti apá kan, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ lójú rẹ̀ nínú òtútù àárọ̀. Èkejì ń bọ̀ láti apá kejì, ó tutù. Níbi tí wọ́n ti pàdé, wọn kì í dà pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ti ibí, mo ki ti òsì bọ ti ọ̀hún. Ojú kò rí ààlà kankan nínú omi náà, omi mímọ́ gaara kan náà ni, iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn kedere. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Èyí tó gbóná dà bí omi tí wọ́n pò fún abiyamọ tuntun, tí ìyá àgbà ti fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ wò. Èyí tó tutù dà bí omi àmù. Nígbà tí mo rìn sísàlẹ̀ bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ẹsẹ̀ méjèèjì ti wà nínú omi kan.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ìyàwó ọkùnrin kan ṣoṣo ni odò méjèèjì tẹ́lẹ̀: ọ̀kan gbónára, ọ̀kan tutù bí omi ìgbín, ọkọ wọn sì ni òkè tó dúró tì wọ́n. Ìtàn àwọn onímọ̀ ilẹ̀ náà kò jìnnà sí i, ó kàn jẹ́ pé ọkọ ni wọ́n gbájú mọ́. Kò sí iná kan tó ń jó lábẹ́ òkè. Omi òjò ló gba ìlàpa òkúta lọ sísàlẹ̀ jìnnà, ó pẹ́ níbẹ̀, ooru inú ilẹ̀ ràn án, kó tó tún gba ọ̀nà mìíràn jáde. Èkejì kò lọ jìnnà, ìyẹn ló fi tutù.

Ní àwọn ọdún 1950, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, dé ibẹ̀, àgọ́ ìjọ sì wà lẹ́bàá odò náà láti ìgbà yẹn. Àwọn ìwé kan á kọ ọ́ pé òun ló ṣàwárí omi náà. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Iṣẹ́ tó ṣe pọ̀, mi ò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìkọ̀gòsì ti ń wẹ ọmọ wọn nínú odò yẹn tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó kankan tó gbọ́ orúkọ ìlú wọn.

Ìpòlé-Ìlórò kò jìnnà sí ibẹ̀. Omi Àrìntà tó wà níbẹ̀, inú igbó dúdú ló ti ń já bọ́ láti orí òkúta sórí òkúta, èrò kò sì pọ̀ níbẹ̀. A ò pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Òjò tún ṣú, Bàbá sì fẹ́ kí a gun Ẹ̀fọ̀n kó tó rọ̀.

Gígùn yẹn! Títì á gbé ọ lọ sókè, á yí ọ lójijì, wàá rí ibi tí o ti kọjá ní ìsàlẹ̀ bí okùn tí ẹnìkan jù sínú koríko. Lápá kan, ògiri òkúta ni, omi ń sun láti ara rẹ̀. Lápá kejì, ọ̀gbun ni, ewé ọ̀pẹ tó yẹ kí o máa gbójú sókè wò ló wà lábẹ́ ojú rẹ yẹn. Kùrukùru wọ inú ọkọ̀ wá láti ojú fèrèsé, ó rùn bí ewé tútù àti èéfín igi. Ibi kọ́nà kan ni Bàbá ti ní kí n yà sẹ́bàá. Mo pa ẹ́ńjìnnì.

Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ omi, kì í ṣe odò kan pàtó, bí ẹni pé òkè náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣàn nínú. Àkùkọ kọ ní ìsàlẹ̀ tí mi ò rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni lọ́rì kan tó ń gun òkè bọ̀ ta páù láti ẹ́ńsóòsì rẹ̀. Ìró náà kọ lu òkè iwájú, ó padà wá, ó kọ lu ti ẹ̀yìn, ó tún lọ, ó ń yí gbirigbiri bí ẹni yí àgbá lórí pákó, ó tó ìgbà mẹ́ta kó tó kú.

"O gbọ́ ọ?" ni Bàbá wí. "Ohun tí wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kírìjì nìyẹn."

Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ìró ìbọn àti àgbá nínú òkè ni wọ́n fi sọ Ogun Kírìjì lórúkọ, wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Mi ò tíì fi etí ara mi gbọ́ ọ rí. Bí ẹ bá kọjú sí àríwá láti Ẹ̀fọ̀n, Òkè-Ìmẹ̀sí ló wà lórí òkè kan náà yìí. Níbẹ̀ ni jagunjagun kan tó ń jẹ́ Fábùnmi ti pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ìparí àwọn ọdún 1870, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi para pọ̀ kọjú ìjà sí Ìbàdàn, tí Ògèdèǹgbé, jagunjagun Ìjẹ̀ṣà, sì wá ṣe olórí ogun wọn. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí wọn. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí ibùdó ogun náà ní 1885, kò padà dé Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní Ìmẹ̀sí-Ilé, síbẹ̀ àwọn jagunjagun kò tú ká tán títí di 1893. Mo ronú kan ọmọ ogún ọdún tó sùn sínú ibùdó yẹn, tí ìbọn ẹyọ kan ń dún mẹ́ta létí rẹ̀, tí kò mọ apá tó ti wá. Òkè yìí sọ ìbọn wọn di púpọ̀. Ara mi bù máṣọ.

Inú àfonífojì ni ìlú Ẹ̀fọ̀n Aláayè wà, òkè gbá a mọ́ra níhà gbogbo, páànù òrùlé rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀ ló sọ ìlú náà di mímọ̀ fún ayé. Agbọ́nbíọfẹ́ ti ìdílé Adéṣínà, tó kú ní 1945, ló gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin Aláayè: obìnrin tó pọnmọ, jagunjagun lórí ẹṣin, ojú wọn ràgàjì. Ẹni tó bá ti rí òkè tó yí ìlú náà ká kò ní béèrè ibi tí Agbọ́nbíọfẹ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan ró. Ní Ẹ̀fọ̀n yìí náà ni wọ́n sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí lẹ́yìn tó kú ní 1959. Àwọn èèyàn wà níbi ibojì náà lọ́jọ́ tí a dé, wọ́n ń gbàdúrà. Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ Babalọlá sílẹ̀ ná, pé a ó bá a níwájú.

Ìsọ̀kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n sí Ẹ̀rínmọ̀ ni ojú mi ti là jù lọ. "Jíà kejì," ni Bàbá wí kí orí ọkọ̀ tó doríkodò. "Jíà tí o bá fi gun òkè ni kí o fi sọ̀ ọ́. Má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, fọwọ́ kàn án, kí o fi í sílẹ̀." Tírélà kan wà níwájú wa, ó rọra ń wọ́ lọ, òórùn bíréèkì tó ń jó gba gbogbo afẹ́fẹ́. Bàbá kò yọ ojú kúrò lára táyà rẹ̀. Nígbà tí a kọjá rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, wọ́n juwọ́ sí dẹ́rẹ́bà náà bí ẹni kí ẹbí, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ wọn kan kò sọ òkè yẹn dé ìsàlẹ̀. Mi ò bi wọ́n.

A já sí ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, a yà wọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìtàn ìlú náà sọ pé Àkínlà, obìnrin kan láti ìdílé Odùduwà, ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti Ifẹ̀, tí wọ́n sì bá Olúmirin níbẹ̀. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìsàlẹ̀, orúnkún wọn kò gbà mọ́. Èmi gun òkè.

Ìpele méje ni wọ́n ń ka omi náà sí. Ti àkọ́kọ́ kò ṣòro, ọmọdé ń wẹ̀ níbẹ̀. Omi ń fò bọ́ láti ara ògiri òkúta, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ kó tó balẹ̀, ìrì rẹ̀ sì lu mí lójú láti ibi tí mo dúró sí. Kò sẹ́ni tó lè bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àfi kó pariwo. Ọ̀nà ìpele kejì le, gbòǹgbò igi ni mo dì mú. Ibẹ̀ ni mo ti fi àtẹ́lẹwọ́ kan òkúta náà: ó tutù rinrin, omi ti fá a dán bí inú àwo. Lẹ́bàá ibẹ̀, ẹnìkan ti fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti olólùfẹ́ rẹ̀ sára òkúta, ọ̀rá omi mẹ́rin sì há sábẹ́ gbòǹgbò. Mo ṣa ọ̀rá náà sínú àpò mi. Ti ọ̀dà yẹn, mi ò rí nǹkan ṣe sí i, inú mi sì ń bàjẹ́ títí di ìsinsìnyí. Bí o bá fẹ́ràn ibì kan débi pé o fẹ́ kó rántí rẹ, kí ló dé tí o fi ń ṣe é báyìí?

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ sọ fún mi pé ẹni tó bá gùn ún dé orí á bọ́ sí ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ibi tí omi yìí ti ń bọ̀, a ti wà níbẹ̀ láàárọ̀. A fi ọkọ̀ yí gbogbo kọ́nà wọ̀nyẹn ká, a jó epo, a jó bíréèkì, omi sì gba ọ̀nà tirẹ̀ tààrà, ó ti dé ibí dè wá.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a kọrí sí Ìkejì-Arákejì. Àwọn àgbẹ̀ ń ká kòkó tí wọ́n sá sórí tapólì sẹ́bàá títì, òórùn rẹ̀ kan díẹ̀, ó sì dùn díẹ̀. Bàbá wá sọ èyí tí wọ́n fi pamọ́. Ṣé mo mọ̀ pé Babalọlá kò tíì di wòlíì nígbà tó kọ́kọ́ dé ibí? Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, rólà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló ń wà. Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ń ṣe, ní oṣù Kẹwàá 1928, rólà náà sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Ìkejì-Arákejì. Ó ń tún un ṣe, kò gbọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ó gbọ́ ohùn tó pe orúkọ rẹ̀. Lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, èrò ya bo Òkè-Ooyè ní Iléṣà láti gbọ́ ọ. Lónìí, yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Ìkejì-Arákejì láti 2006.

"Awakọ̀ bíi tèmi," ni Bàbá wí.

A ti ń kọjá àwọn ilé àkọ́kọ́. Bàbá kò ní kí n dúró. Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà fúnra mi, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yí gíláàsì sílẹ̀. Irin ọkọ̀ ń dún ta-ta bó ṣe ń tutù. Ìrẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nínú oko kòkó. Bàbá gbé orí ti àga, wọ́n di ojú, wọ́n sì gbé ìka kan sókè pé kí n má tíì sọ̀rọ̀.