Kóòṣì Tí Ó Padà Sí Kíláàsì

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tí ó ń gbé Ìgànmú kò jìnnà sí pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Sùúrùlérè. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wòran bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí.

Tí ikọ̀ orílẹ̀-èdè wa bá borí, àwọn agbábọ́ọ̀lù ni a máa ń yìn. Tí wọ́n bá fìdí rẹmi ńkọ́? Gbogbo wa á fi ohùn kan sọ pé, "Kóòṣì ló bà á jẹ́. Ẹ lé e lọ!" Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ kóòṣì dáadáa kí a tó dá a lẹ́jọ́. Stephen Keshi ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ni iṣẹ́ kóòṣì?

Kóòṣì kì í wọ pápá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀bá pápá ló máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n òun ló ń yan àwọn tí yóò gbá a. Òun ló ń kọ́ wọn, bí tíṣà ṣe ń kọ́ ọmọ kíláàsì. Á wo bí ikọ̀ kejì ṣe ń ṣe tiwọn, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì sọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ṣe fún wọn. Ènìyàn 11 péré ló ń bẹ̀rẹ̀ eré. Àwọn tó kù á jókòó, inú á sì máa bí wọn. Òun náà ni yóò tù wọ́n nínú.

Bí Keshi ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1962 ni wọ́n bí Keshi, ní ìlú Azare, ní Òkè Ọya. Ará Illah ni ìdílé rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Delta. Èkó níbí ló ti lọ sí St Finbarr's College, ní Àkókà, ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ mọ bọ́ọ̀lù. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó àti ní Benin, ó lọ sí Ivory Coast, ó sì dé Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ńlá kan tí ń jẹ́ Anderlecht.

Ó di kápútẹ́nì Super Eagles. Ní 1994, wọ́n gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà. Ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Ife Àgbáyé.

Ó padà lọ kẹ́kọ̀ọ́

Ẹlòmíràn ìbá sọ pé, "Mo ti gba ife. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ kọ́?" Keshi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ iṣẹ́ kóòṣì. Mímọ iṣẹ́ ṣe yàtọ̀ sí mímọ bí a ṣe ń fi kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá sí kíláàsì ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò rọrùn fún àgbàlagbà láti jókòó kí wọ́n máa kọ́ ọ.

Ní 2004, ó di kóòṣì ikọ̀ Tógò. Orílẹ̀-èdè kékeré ni Tógò, kò sì tí ì lọ sí Ife Àgbáyé rí. Ní 2005, wọ́n ta Senegal yọ, wọ́n sì rí ọ̀nà lọ sí Ife Àgbáyé 2006 ní Jámánì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, ìgbà mẹ́ta ni Tógò gbá, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fìdí rẹmi. Wọ́n yọ Keshi. Otto Pfister, ará Jámánì, ló kó ikọ̀ náà lọ sí Ife Àgbáyé. Keshi ló roko, ẹlòmíràn ló kórè.

Ọdún 2013

Ní 2011, Nàìjíríà pè é. Ó pa àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé pọ̀ mọ́ àwọn ti òkè òkun. Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars, ní Àkúrẹ́, wà níbẹ̀. Sunday Mba náà wà níbẹ̀, ilé níbí ni òun náà ti ń gbá a.

Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n na Ivory Coast ní góòlù 2 sí 1, wọ́n na Mali ní 4 sí 1. Ní ọjọ́ 10 oṣù Fẹ́búárì 2013, wọ́n na Burkina Faso ní 1 sí 0. Ta ló gbá góòlù yẹn wọlé? Sunday Mba ni. Báyìí ni Keshi di ẹnì kejì tó gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí kóòṣì. Mahmoud El-Gohary, ará Íjíbítì, ni ẹni àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ kejì tí à ń yọ̀, Keshi ní òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó dùn ún pé wọn kò fọkàn tán òun. Kò pẹ́ tó fi yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó kó ikọ̀ wa lọ sí Ife Àgbáyé 2014 ní Bràsíl, wọ́n sì wà nínú ikọ̀ 16 tó kù kí Faransé tó lù wọ́n. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò dé Ife Ilẹ̀ Áfíríkà 2015. Kí ọdún yẹn tó parí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Keshi, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Ní oṣù Júùnù 2016, òun náà kú ní ìlú Benin. Ẹni ọdún 54 ni.

Lónìí, pápá ìṣeré kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Asaba. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà láyé, ìgbà mélòó ni a pariwo pé kí wọ́n lé e?

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ikọ̀ wa bá fìdí rẹmi, ẹ má tíì pariwo. Ẹ ra ìwé ìròyìn. Ẹ wo ojú ewé eré ìdárayá. Ta ni ara rẹ̀ kò yá? Ọjọ́ mélòó ni kóòṣì rí fi kọ́ wọn? Ǹjẹ́ wọ́n san owó oṣù rẹ̀? Ẹ kà á tán kí ẹ tó dájọ́. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ẹlòmíràn bá sọ fún wa ni à ń gbà. Nísinsìnyí, ẹ̀yin fúnra yín lè kà á.