Tí nọ́ńbà fóònù gbogbo oníbàárà bá di 2147483647

Bí oníṣòwò bá fẹ́ pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà, ohun tó sábà máa ń bèèrè ni iye tí iṣẹ́ náà máa ná an àti ọjọ́ tó máa parí. Ó ṣọ̀wọ́n kó bèèrè bí ètò tuntun ṣe máa ka ohun tó wà nínú ti àtijọ́. Ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kó àkọsílẹ̀ lọ lálẹ́ Sátidé, nígbà tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdé tí ọlọ́jà fẹ́ pe àwọn tó jẹ ẹ́ lówó, àfi kó rí i pé nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò: 2147483647.

Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Nọ́ńbà yẹn ló ga jù lọ tí àyè tí wọ́n ń pè ní INT lè gbà nínú dátábéèsì MySQL. Téèyàn bá ka nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 bí ìgbà tó ń ka owó, ó ju bílíọ̀nù mẹ́jọ lọ, bẹ́ẹ̀ INT kò lè gbà ju bílíọ̀nù méjì àti díẹ̀. MySQL àtijọ́ kì í kọ irú ẹ̀. Ńṣe ló máa ń gé e síbi tí agbára rẹ̀ mọ, á wá fi ìkìlọ̀ kékeré kan sílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń kà á. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 5.7 ti jáde lọ́dún 2015 ló ti ń kọ̀ ọ́ jálẹ̀, àyàfi tẹ́nì kan bá pa ìṣọ́ra náà. Kódà, bí àyè ọ̀hún bá tóbi tó, òdo iwájú á ṣì sọnù, torí pé nọ́ńbà ìṣirò kì í ní òdo níwájú.

Ẹ̀bi MySQL kọ́ o. Ẹni tó kọ ètò tó kó àkọsílẹ̀ náà ló rí i pé nọ́ńbà ló kún inú òpó yẹn, ó sì rò pé ohun tí wọ́n ń ṣírò ni. Ká ní ó ka pláànù ni, ì bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni ètò àtijọ́ kà á sí.

Gbogbo irú dátábéèsì báyìí ló ní pláànù, tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní schema. Lọ́dún 1970 ni E. F. Codd, tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ IBM, gbé ìlànà kíkó àkọsílẹ̀ sínú tábìlì jáde. Tábìlì yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé oúnjẹ lé; ojú ìwé tó ní ìlà àti òpó ni, bíi lẹ́jà tí àwọn àgbà oníṣòwò máa ń fi rúlà fà. Pláànù ló ń sọ orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan àti irú nǹkan tó lè wọ inú rẹ̀. Ti àwọn oníbàárà lè rí báyìí:

CREATE TABLE onibara (nomba INTEGER PRIMARY KEY, oruko VARCHAR(60) NOT NULL, foonu VARCHAR(11), gbese DECIMAL(12,2));

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀ tí ẹlòmíì kò gbọ́dọ̀ ní. Àyè orúkọ kò gbọ́dọ̀ ṣófo. Ọ̀rọ̀ ni fóònù jẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ ju àmì 11 lọ. Gbèsè jẹ́ owó tí iye rẹ̀ lè tó nọ́ńbà 12, méjì nínú wọn fún kọ́bọ̀.

Ètò kékeré tó ń ka irú pláànù yìí ni wọ́n ń pè ní parser. Ó máa ń gé e sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á wo bí wọ́n ṣe so mọ́ra, á wá tò wọ́n sínú ìrántí kọ̀ǹpútà: tábìlì rèé, àwọn òpó rẹ̀ rèé, irú èyí, gígùn tọ̀hún, èyí tó lè ṣófo àti èyí tí kò lè ṣófo. Iṣẹ́ náà dà bí ohun tó rọrùn, òun ló sì ń tan àwọn tó ń kánjú. Ẹni tó bá ní òun á kàn máa gé pláànù níbi tó bá ti rí kọ́mà, tó bá dé DECIMAL(12,2), á gé òpó gbèsè sí méjì, torí kọ́mà wà láàárín 12 àti 2. Bó bá tún bá àdírẹ́sì bíi 'Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn' pàdé nínú àmì àyọlò, ohun kan náà lá ṣẹlẹ̀. Parser gidi gbọ́dọ̀ mọ̀ ìgbà tó wà nínú àkámọ́ àti ìgbà tó ti jáde.

Àwọn kan ti ṣe iṣẹ́ yìí sílẹ̀. SQL::Translator, tí wọ́n fi èdè Perl kọ, ní parser fún MySQL, PostgreSQL, SQLite, Oracle àtàwọn mìíràn. Ètò kan náà ni gbogbo wọn ń tò ó sí, kí wọ́n tó kọ ọ́ jáde ní èdè dátábéèsì tuntun. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé tí oríṣi dátábéèsì márùn-ún bá fẹ́ máa gba ara wọn gbọ́ tààrà, ògbufọ̀ 20 ni wọ́n máa nílò, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ètò àárín yìí, márùn-ún tó ń kà àti márùn-ún tó ń kọ ti tó.

Síbẹ̀, ohun tí parser bá gbójú fò, owó lè bá a lọ. Bó bá ka DECIMAL, tó sì pè é ní FLOAT, gbèsè ₦16,777,217 á di ₦16,777,216, nítorí pé FLOAT kì í mú ju nǹkan bíi nọ́ńbà méje dáadáa. Bí kò bá fìyàtọ̀ sáàárín àyè tó ṣófo àti òdo, oníbàárà tí wọn ò tíì ṣírò gbèsè rẹ̀ á di ẹni tí kò jẹ kọ́bọ̀.

Ti orúkọ tún wà níbẹ̀. Títí di ẹ̀dà 8.0 tó jáde lọ́dún 2018, latin1 ni MySQL máa ń lò fún lẹ́tà bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un. Latin1 kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Ṣọlá á wọlé, á sì jáde bíi ??lá.

Ìgbà mìíràn, pláànù fúnra rẹ̀ kì í sọ òtítọ́ délẹ̀. SQLite sábà máa ń gbà kí ọ̀rọ̀ wọ òpó tí pláànù pè ní INTEGER, nítorí náà «ó kù díẹ̀» lè wà níbi tó yẹ kí iye owó wà. MyISAM, tó jẹ́ ẹ̀rọ ìpamọ́ tí MySQL ń lò látilẹ̀ kó tó yí padà sí InnoDB lọ́dún 2010, máa ń ka òfin tó so gbèsè mọ́ oníbàárà, kì í sì í tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó irú rẹ̀ lọ síbi tí òfin ti ń ṣiṣẹ́ ni gbèsè tí kò ní olówó á tó hàn.

Kí oníṣòwò tó san àsansílẹ̀, ó lè ní kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kọ pláànù àtijọ́ àti tuntun jáde sórí bébà, kó fi wọ́n síra, kó sì ṣàlàyé òpó tó bá yàtọ̀. Kò sí orúkọ tàbí nọ́ńbà oníbàárà kankan nínú pláànù lásán, torí náà kò kan òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023; àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà fúnra rẹ̀ ló kàn án. Ẹ̀dà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Kí wọ́n ka iye ìlà tábìlì kọ̀ọ̀kan níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, kí wọ́n ro gbogbo gbèsè pọ̀ dé kọ́bọ̀, kí wọ́n sì wá orúkọ mẹ́wàá tó ní àmì lórí. Ẹ̀rọ àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí wọ́n á fi fi ti tuntun ṣe ìṣirò ìparí oṣù kan, tí méjèèjì sì bára mu.