Ọmọ Tí Kò Lè Dá Jẹun: Iṣẹ́ Ilé, Iṣẹ́ Ọjà, Iṣẹ́ Ẹgbẹ́

Nínú ìwé wa yìí, owó la sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí: owó àjẹṣẹ́kù, owó ẹ̀yáwó, èlé, àti àwọn tí kì í tètè dá owó padà. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọmọ la fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á dópin yóò rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà ni. Ọmọ tí kò lè dá jẹun, tí kò lè dá wọṣọ, tí kò lè dá jókòó, kì í ṣe òun nìkan ló wà nílé. Ìyá rẹ̀ náà wà nílé tì í.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ká sọ pé ìyá kan ń ta gaàrí. Ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́rin, kò tíì rìn, ọrùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dúró, ọwọ́ rẹ̀ sì le gbagidi. Oúnjẹ àárọ̀ ọmọ náà nìkan ń gbà á ní wákàtí kan àbọ̀. Kí ó tó wẹ̀ ẹ́, kí ó tó wọṣọ fún un, oòrùn ti ga, àwọn oníbàárà ti bá ẹlòmíràn lọ. Nígbà tó yá, kò lè lọ sọ́jà lójoojúmọ́ mọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra ọjà ti di owó mọ́tò, owó oògùn, àti owó àwọn tó ní àwọn ó wo ọmọ náà sàn láàárín ọjọ́ méje. Ẹni tó dúró fún un ló wá ń san gbèsè. A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o, ṣùgbọ́n ọjà wo ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò sí?

KÍ LÓ Ń FÀ Á?

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nírú ipò yìí ló ní ohun tí àwọn dókítà ń pè ní cerebral palsy. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà ìyá, kì í sì í ràn. Ọpọlọ tó ń pàṣẹ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló fara pa, yálà nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, nígbà ìbí, tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ohun mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú ohun tó ń fà á: kí ọmọ má tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, tí atẹ́gùn kò fi dé ọpọlọ rẹ̀ tó; kí ibà pọ́njú mú ọmọ tuntun kọjá ààlà; àti àrùn tó wọ ọpọlọ, irú bí àrùn yírùnyírùn tó ń mú ọrùn gan.

Ẹ̀yin tó ń ta aṣọ ọmọ wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn bọ́ọ̀lù funfun kékeré tí à ń pè ní káńfọ̀, tí à ń jù sáàárín aṣọ nítorí kòkòrò, lè dá ibà pọ́njú sílẹ̀ lára ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe dá ẹ̀jẹ̀ wọn nìyẹn. Òórùn káńfọ̀ lásán á máa ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Ara ọmọ á wá pọ́n bí ìyeyè. Bí ó bá pọ̀ jù, á gun orí, á pa ọpọlọ lára. Nítorí náà, ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tí ẹ ń tà, ẹ má sì fi sáàárín èyí tí ẹ̀ ń tọ́jú de ọmọ. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Gbígbé e sí oòrùn òwúrọ̀ kò tó, omi gúlúkóòsì kì í sì í ṣe oògùn rẹ̀.

Ìpalára tó ti bá ọpọlọ kò ní àgbo, kò sì ní abẹ́rẹ́ tó lè pa á rẹ́. Ẹni tó bá ní òun ní in, owó yín ló ń wá. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò wí pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Ohun tí a lè ṣe pọ̀.

ÌTỌ́JÚ TÓ WÀ NÍNÚ IṢẸ́ OJÚMỌ́

Ìtọ́jú kan wà tí òyìnbó ń pè ní occupational therapy. Iṣẹ́ tí wọ́n ń wí níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ oṣù. Gbogbo ohun tí ènìyàn ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe ni: jíjẹ, mímu, wíwẹ̀, wíwọṣọ, eré ṣíṣe, ẹ̀kọ́ kíkọ́, ọjà títà. Àwọn tó ń na ẹsẹ̀ tí wọ́n ń na apá ní ilé ìwòsàn, ara ni wọ́n ń tún ṣe. Àwọn tiwọn yìí ń bi ìyá léèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ yìí lè fúnra rẹ̀ ṣe nílé?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà kan kò bá ṣeé gbà, wọ́n á wá òmíràn: wọ́n á yí ṣíbí padà, wọ́n á yí àga padà, wọ́n á yí bọ́tìnnì padà.

Ní ọdún 1917 ni àwọn ènìyàn díẹ̀ pàdé ní Clifton Springs ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ní 1952, wọ́n dá àjọ ti gbogbo àgbáyé sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí a fi iṣẹ́ ojúmọ́ wo aláìsàn, kí ẹbí sì wà nídìí rẹ̀, kò ṣàjèjì sí wa. Láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀. Kò tì wọ́n mọ́lé. Àárín àwọn ará abúlé ni wọ́n ń gbé, ìbátan wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko.

Lónìí, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Òfin ọdún 1988 ló sì dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn tó ń ṣe é sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ni kí ẹ ti béèrè wọn. Wọn ò pọ̀, ká sọ tòótọ́. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi pọ̀ lọ́wọ́ ilé. Ọ̀sẹ̀ kan ní wákàtí 168. Bí olùtọ́jú bá tilẹ̀ rí ọmọ fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, 167 tó kù, ọwọ́ ilé ló wà.

OHUN TÍ ILÉ LÈ ṢE

Oúnjẹ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe rọ irú ọmọ yìí lóúnjẹ. Ẹ má tẹ́ ẹ sórí itan kí ẹ máa da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ ni ikọ́ àti òtútù àyà ti ń wá, ó sì ń pa ọmọ. Ẹ gbé e jókòó dáadáa, kí orí tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ó má gbójú sókè. Iwájú ni kí ṣíbí ti wá. Ẹ gbé e lé ahọ́n, kí ẹ dúró kí ó pa ẹnu dé fúnra rẹ̀. Ohun tó ki díẹ̀ ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbé mì ju ohun tó ṣàn bí omi lọ.

Bí ó bá fẹ́ dá mú ṣíbí, ẹ wé àkísà mọ́ ìdí ṣíbí kí ó nípọn, kí ọwọ́ rẹ̀ lè dì í. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kí abọ́ má máa sá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò pẹ́ ju kí ẹ fi ọwọ́ ara yín fún un lọ, yóò sì dà á sílẹ̀. Ẹ má ṣe é láàárọ̀ tí ẹ ń kánjú lọ sọ́jà. Oúnjẹ alẹ́ ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Tó bá di ọjọ́ kan tí oúnjẹ àárọ̀ bọ́ láti wákàtí kan àbọ̀ sí ìdajì wákàtí, ìyá ti jèrè wákàtí kan lójúmọ́ nìyẹn. Ọjọ́ ọjà mẹ́fà, wákàtí mẹ́fà. Ẹ̀yin tó mọ ohun tí wákàtí kan ń pa wọlé, ẹ ṣírò rẹ̀.

Aṣọ wíwọ̀ náà ní ọgbọ́n. Ọwọ́ tó le ni kí ẹ kọ́kọ́ kì bọ aṣọ. Bí ẹ bá ń bọ́ aṣọ, ọwọ́ tó yá ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Bí ẹ bá sì ń kọ́ ọmọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Ẹ fa ṣòkòtò dé ìdí, kí òun fà á dé ìbàdí. Tí ó bá mọ ìyẹn, ẹ dá a dúró sí orúnkún, kí òun parí rẹ̀. Ọmọ náà ló máa ń parí iṣẹ́ lójoojúmọ́, inú rẹ̀ á dùn, á sì tún fẹ́ ṣe é lọ́la. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní ti jíjókòó, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ kí ó nà gbalaja sórí ẹní láti àárọ̀ dalẹ́. Igun ògiri méjì lè dì í mú, bẹ́ẹ̀ náà ni agbada oníke tí ẹ ki aṣọ sí yí i ká. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá máa ń le tó ń ré kọjá ara wọn, ẹ máa pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn tí à ń pọ̀n ọmọ sí ń ya ẹsẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì dára fún un. Bí ó bá ní wàrápá, ẹ má dá oògùn dókítà dúró láìsọ fún un.

Ọmọ tó ti gbọ́n díẹ̀, ẹ gbé e dání lọ sọ́jà. Kí ó máa bó ẹ̀gúsí, kí ó máa ṣa ẹ̀wà, kí ó máa ka owó, kí ó máa kí oníbàárà. Ìtọ́jú ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó sì ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí yóò fi jẹun lọ́la.

IṢẸ́ TÓ KAN ẸGBẸ́

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ẹgbẹ́ tiwa yìí, káfíńtà wà, wẹ́dà wà, télọ̀ wà. Káfíńtà lè kan àga onígun tó ní tábìlì níwájú. Télọ̀ lè fi rọ́bà sí ìbàdí dípò bọ́tìnnì. Wẹ́dà lè ṣe irin tí ọmọ yóò máa dì mú rìn. Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ náà ni yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ má fojú díwọ̀n.

A tún rò pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbé ohun mẹ́ta yìí wò ní ìpàdé. Èkíní, kí a má gba owó ìtanràn ìpẹ́lẹ́yìn lọ́wọ́ ìyá tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ ìpàdé. Èkejì, kí àga ọmọ àti kẹ̀kẹ́ arọ wà lára ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ yá owó kékeré. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí ìsọ̀ wọn súnmọ́ra máa ṣe àáró: bí èyí bá gbé ọmọ lọ fún ìtọ́jú, kí tọ̀hún bá a tajà, kí ó kọ owó rẹ̀ sílẹ̀.

Ilé-ìwé ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin fún àwọn aláàbọ̀ ara láti 2011. Ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ti aláàbọ̀ ara títí dé ìparí ilé-ìwé girama, kò sì fàyè gba kí a fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí ara rẹ̀. Bí ọ̀gá ilé-ìwé kan bá ní òun ò gbà á, ẹ má ṣe dá lọ. Kí alága ẹ̀ka àti akọ̀wé bá ìyá náà lọ.

Lákòótán, ẹ má dúró kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́rin. Bí ọmọ kò bá lè dá jókòó nígbà tó pé oṣù mẹ́wàá, bí kò bá rìn ní oṣù méjìdínlógún, tàbí tó jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń lò kí ó tó pé ọdún kan, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín fi ọmọ pamọ́ sí yàrá. Ẹni tó bá mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ tí kì í wá sí ìpàdé mọ́, kí ó ka ìwé yìí fún un, kí ó sì bi í pé ọjọ́ wo ni kí òun wá bá a tajà.

Àjẹṣẹ́kù wa kò ní run o.