Síbí Ilé Kì Í Ṣe Òṣùwọ̀n Òògùn Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Odògbólú! Nínú wa, ta ni kò mọ̀ pé kóńgò ju kóńgò lọ? Ẹni tó ń ta gàrí mọ èyí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, oníbàárà náà sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí ara ọmọ bá gbóná lóru, síbí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí wa lọ́wọ́ la fi ń wọn òògùn.

Síbí tíì tí wọ́n ń kọ sára ìgò òògùn, 5ml ni. Ní ọdún 2010, àwọn oníwàádìí ní Gíríìsì kó síbí tíì 71 jọ láti ilé obìnrin 25. Èyí tó kéré jù gba 2.5ml, èyí tó tóbi jù gba 7.3ml. Tiwa ńkọ́, tí a ṣà lórí igbá?

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni parasitamọ́ọ̀lù. Ti inú ìgò ńlá, 5ml rẹ̀ ní 120 tàbí 125mg. Ti ìkókó, inú ìgò kékeré tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu, 1ml rẹ̀ péré ti ní 100mg. Ìyá tó bá bu síbí 5ml nínú ìgò kékeré yìí ti fún ìkókó ní 500mg, odindi hóró kan tí àwa àgbà ń lò! Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹ̀dọ̀ ọmọ ló ń bà jẹ́.

Kì í ṣe irú ọ̀ràn My Pikin la ń sọ o, òògùn eyín tó pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà ní 2008 sí 2009. Májèlé ló wà nínú ìyẹn. Òògùn gidi lèyí, wíwọ̀n ló ṣì.

Àwọn dókítà gan-an ń ṣì í, àgàgà tí gìrì bá mú ọmọ tí kò sí àyè àtigbé e sórí ìwọ̀n. Ìdí nìyẹn tí dókítà James Broselow ní Amẹ́ríkà fi ṣe téèpù kan ní 1985. Wọ́n á tẹ́ ọmọ, wọ́n á wọn gígùn rẹ̀ bí àwọn aláṣọ wa ṣe ń wọn áńkárá. Àwọ̀ ibi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá dé ni yóò sọ iye òògùn.

Ife tàbí sìríǹjì tó bá inú páálí wá ni kí ẹ lò. Tí kò bá sí, ẹ ní kí oníkẹ́míìsì fún yín ní sìríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́, kí ẹ sì sọ kílò ọmọ fún un. Parasitamọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ ní wákàtí 24. Bẹ́ ẹ bá ń gbé ọmọ sáré lọ sí ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, ẹ gbé ìgò náà dání, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ fún un àti aago tẹ́ ẹ fún un. Ẹ má fi pa mọ́ torí kí nọ́ọ̀sì má baà jágbe. Bí wọn ò bá mọ̀, wọ́n lè tún fún un ní ọ̀kan náà.