Henry Bolckow, Àlejò tí Irin Sọ di Olórí Ìlú

Bí ènìyàn bá gba ojú títì tí ó ti Kùtọ́nù lọ sí Àjàṣẹ́, tí ó sì sọ̀ ní Ekpè, níbi tí iyanrìn ti tẹ́ rẹrẹ láàrin òkun àti ọ̀sà, kò ní í pẹ́ rárá kí ó tó rí i pé irin ni ìlú tuntun fi ń dìde: irin ni àwọn bíríkìlà ń dì pọ̀ kí wọ́n tó da kankéré lé e, páànù ni wọ́n fi ń bo orí ilé, géètì irin sì ni àwọn wẹ́dà ń jó lẹ́bàá ọ̀nà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́lé wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ bíbí ibẹ̀. Kùtọ́nù ni ó kún tí ó fi ń tú wọn síta, onílẹ̀ sì ń wò wọ́n lójú méjì, nítorí owó ilẹ̀ dùn ní gbígbà, ṣùgbọ́n bí àlejò bá wá pọ̀ ju onílé lọ, ta ni yóò máa pàṣẹ? Ìlú kan wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dojú kọ irú ìbéèrè yìí ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn. Middlesbrough ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó sì jókòó sórí àga nígbà náà ni Henry Bolckow, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ẹni tí ó jẹ́ pé owó ọkà ni ó gbé wọ inú iṣẹ́ irin.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní irin. Kí ọkọ̀ wọn tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa ni Ògún Lákáayé, oníre ọ̀nà, ti ń jẹ ajá lọ́dọ̀ wa, tí àwọn Fọn àti àwọn Gun sì ń bọ ọ́ ní Gu. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ̀rọ̀ nípa ìléru tí àwọn baba wa fi ń yọ́ irin láti inú òkúta. Ó ní iná rẹ̀ kì í kú yípo ọdún, èédú igi líle àti èésan ni wọ́n fi ń dá a, ó sì dárúkọ Òkè-Mẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì pé irin tí ń ti ibẹ̀ jáde dára púpọ̀. Ní ilẹ̀ Tógò, àwọn ará Bassar yọ́ irin tí ó gbilẹ̀ káàkiri agbègbè wọn. Ohun tí ó pa iná ìléru wọ̀nyẹn ni irin olówó pọ́ọ́kú tí ọkọ̀ òkun ń kó wá láti Yúróòpù: àwọn tí ń yọ́ irin kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ kò pa ewìrì tì, nítorí àjákù irin òyìnbó di ohun èlò tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀rí, kí ó wo ère Gu tí Akati Ekplékendo fi irú irin òyìnbó bẹ́ẹ̀ rọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún fún ààfin Dàhòmì, èyí tí àwọn Faransé kó lọ sí ìlú wọn ní ọdún 1894, tí ó ṣì wà ní Párìsì títí di òní. Bí ère náà ti ga tó, kò sí irin tí ó wà lára rẹ̀ tí kò ti ojú iná ìlú òyìnbó kọjá kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Lára àwọn tí ń dá irú iná bẹ́ẹ̀ ni Bolckow.

Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1806 ni a bí i ní abúlé Sülten, ní ilẹ̀ Mecklenburg, ìhà àríwá Jámánì. Rostock, ìlú èbúté, ni ó ti kọ́ òwò, ibẹ̀ ni ó sì ti mọ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Christian Allhusen. Nígbà tí Allhusen ṣí lọ sí Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ránṣẹ́ pè é, Bolckow sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1827, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ọkà ni wọ́n ń tà. Àwọn tí ó mọ òwò ọkà mọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ ìgbà tí ó yẹ láti rà àti ìgbà tí ó yẹ láti tà lè là láìfọwọ́ kan ọkọ́ tàbí àdá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún un, nítorí kí ó tó kúrò ní Newcastle, owó tí ó ti kó jọ tó 40,000 pọ́n-ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ó jẹ́ ọrọ̀ ńlá láyé ìgbà náà.

Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n irin kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ John Vaughan ni ìyẹn wà, ọkùnrin kan tí ó dàgbà sínú iṣẹ́ irin, tí ó ti bá wọn ṣe é ní Dowlais ní ilẹ̀ Wales, tí ó tún ṣe é ní Carlisle, kí ó tó di alábòójútó iṣẹ́ ní ẹ̀bá Newcastle. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n di ẹlẹgbẹ́ nínú òwò, a kò sì gbọ́ pé ìjà owó ya wọn títí Vaughan fi kú ní ọdún 1868. Èmi a máa kíyè sí èyí ju gbogbo ọrọ̀ tí wọ́n kó jọ lọ, nítorí pé àjọṣe tí kò dàrú fún ohun tí ó ju ọdún 25 lọ, tí owó ńlá sì wà láàrin, ṣọ̀wọ́n láyé àtijọ́ bí ó ti ṣọ̀wọ́n lónìí.

Middlesbrough nígbà náà kò tíì ju abúlé lọ. Ènìyàn 25 péré ni wọ́n kà níbẹ̀ ní ọdún 1801, àti 154 ní ọdún 1831, lẹ́yìn tí Joseph Pease àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ra ilẹ̀ ibẹ̀ láti fi ṣe èbúté tí wọn yóò máa ti kó èédú ilẹ̀ sínú ọkọ̀. Pease yìí ni ó ta ilẹ̀ éékà 6 fún Bolckow àti Vaughan, ọdún 1841 ni ilé iṣẹ́ wọn sì ṣí, ọdún kan náà tí Bolckow di ọmọ onílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé. Irin tí ẹlòmíràn ti yọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà, pàápàá láti Scotland, tí wọ́n fi ń ṣe irin ojú ọ̀nà rélùwéè àti ẹ̀rọ. Ní ọdún 1846, wọ́n kọ́ ìléru tiwọn sí Witton Park, níbi tí èédú wà. Ìléru wọ̀nyí kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ nílé: ilé gogoro ni wọ́n, a máa da òkúta irin, èédú ilẹ̀ tí a ti sun àti òkúta ẹfun sínú wọn láti òkè, a máa fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí wọn nísàlẹ̀, òkúta ẹfun yóò kó ìdọ̀tí inú òkúta irin mọ́ra, irin yíyọ́ yóò sì máa ṣàn jáde ní ìdí bí omi.

Gbogbo èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ di àṣedànù, nítorí òkúta irin tí ó wà nítòsí Witton Park kò tó, kò sì dára tó. Ojoojúmọ́ ni Vaughan ń wá òkúta mìíràn kiri. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1850, òun àti John Marley, onímọ̀ ilẹ̀ tí ń bá wọn ṣiṣẹ́, gun òkè Eston, tí kò jìnnà sí Middlesbrough fúnra rẹ̀, wọ́n sì bá ipele òkúta irin tí ó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 16 níbẹ̀. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé ihò ehoro ni ó já Vaughan lulẹ̀ tí ó fi rí i. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n Marley kò sọ bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Wíwá ni wọ́n wá a, wọ́n sì rí i. Ìran ìyanu ni ohun tí ó tẹ̀ lé e: fún ìgbà díẹ̀, òkúta tí wọ́n wà ní Eston ni wọ́n ń kó gba ẹ̀gbẹ́ Middlesbrough kọjá lọ sí Witton Park láti yọ́, tí wọ́n á tún kó irin rẹ̀ padà wá sí Middlesbrough láti fi ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ìléru sí ẹsẹ̀ òkè náà, àwọn oníṣòwò mìíràn sì dà síbẹ̀ bí eṣú. Ènìyàn tí ó lé ní 7,600 ní ọdún 1851 fẹ́rẹ̀ẹ́ di 19,000 ní ọdún 1861, ó sì kọjá 39,000 ní ọdún 1871. Wọ́n ń wá láti Ireland, láti Wales, láti ibi gbogbo. Ní àwọn ọdún 1870, bí a bá dá irin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, agbègbè yìí ni ó ń pèsè nǹkan bí ìdá kan.

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ní ìdílé ọba, kò ní baálẹ̀, kò ní ògbóni tí ó mọ ìtàn ààlà. Gbogbo wọn ni àlejò. Nígbà tí ìjọba fún wọn ní ìwé àṣẹ ìlú ní ọdún 1853, Bolckow ni wọ́n fi jẹ mẹ́ẹ̀rì àkọ́kọ́, Vaughan náà sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún 1855. Nígbà tí òfin ọdún 1867 sì fún Middlesbrough ní ìjókòó kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà ni wọ́n rán lọ ní ọdún 1868 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Liberal, láìsí ẹni tí ó bá a du ipò náà.

Ẹni tí ó bá ń gbọ́ èyí lè máa yìn wọ́n pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ ibi tí a ti bí i ṣẹ̀sín. Ó tọ́ kí á yìn wọ́n. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo ìdí àga náà dáadáa: ẹni tí ó ń sanwó iṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ìlú ni ó tún ń jókòó níbi tí a ti ń ṣòfin omi àti ojú ọ̀nà wọn, tí èéfín ìléru rẹ̀ sì ń bo orí ilé wọn. Ta ni yóò bá a du ipò? Nígbà tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ irin ti ìhà àríwá gé owó iṣẹ́ ní ọdún 1866, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ebi sì pa ilé wọn. Ọdún 1869 ni wọ́n tó dá ìgbìmọ̀ alárinà sílẹ̀, tí àwọn ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ yóò ti máa jókòó pọ̀ láti parí ìjà owó. Ìgbìmọ̀ náà ṣe ohun tí àga mẹ́ẹ̀rì kò lè ṣe, nítorí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀.

Kò sì yẹ kí á fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Láti inú àpò ara rẹ̀ ni ó ti ra ilẹ̀ éékà bí 70, tí ó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ fún gbogbo ìlú, tí ó pè é ní Albert Park, tí ọmọ Ọbabìnrin Victoria kan sì wá ṣí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1868. Ó fi owó púpọ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ti jìnnà sí èéfín, ó kọ́ ààfin rẹ̀ sí Marton, lórí ilẹ̀ tí a ti bí James Cook, atukọ̀ òkun tí òkìkí rẹ̀ kàn, ó sì ra ìwé àfọwọ́kọ tí Cook kọ nínú ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìwé yẹn ni ìjọba Australia rà lọ ní ọdún 1923, tí ó wà ní ilé ìkówèésí orílẹ̀-èdè wọn lónìí. Ọlọ́run kò fún un lọ́mọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan, Carl, ni ó jogún rẹ̀ nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1878. Ère rẹ̀ dìde ní àárín ìlú ní ọdún 1881.

Ikú kò jẹ́ kí ó wo ìran náà tán. Òkúta Eston ní fosifọ́rọ́ọ̀sì nínú, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí wọ́n lè fi ṣe irin líle tí ayé ń fẹ́ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni irin tí kò le ti ń di ohun àná lọ́jà. Kò ju oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀ lọ, ní oṣù Kẹrin ọdún 1879, tí ọ̀nà tí Sidney Gilchrist Thomas àti ìbátan rẹ̀ Percy Gilchrist wá sí i fi yege nínú ilé iṣẹ́ Bolckow gan-an, tí a fi òkúta ẹfun fa fosifọ́rọ́ọ̀sì náà jáde, tí ìdọ̀tí rẹ̀ sì di ajílẹ̀ fún àgbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà tún gbèrú, ó sì wà fún àádọ́ta ọdún sí i, kí Dorman Long, ilé iṣẹ́ irin mìíràn ní Middlesbrough, tó gbé e mì ní ọdún 1929. Dorman Long ni ó kọ́ afárá irin ńlá ti Sydney tí a ṣí ní ọdún 1932, òun náà ni ó sì dá ilé iṣẹ́ irin sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1949.